Ohùn Màmá Mi Lórí Pèéjì Irú Wa

Ẹ jẹ́ kí n jókòó sọ ọ́ fún yín bó ṣe rí, torí ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti ń bi mí ní ínbọ́ọ̀sì pé kí ló dé tí ohùn orí pèéjì irú wa fi yí padà. Ẹnì kan tilẹ̀ ní ṣé a ti ta pèéjì náà ni. Rárá o, a ò tà á.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, Síkírá ni mò ń jẹ́, Ìlobù ni mò ń gbé. Màmá mi ló ń ṣe irú, èmi ni mò ń tà á lórí fóònù. Bá a ṣe pín iṣẹ́ náà nìyẹn láti ìbẹ̀rẹ̀. Màmá á se irúgbá, wọ́n á bó èèpo rẹ̀, wọ́n á fọ̀ ọ́ mọ́, wọ́n á fi ewé bò ó sínú apẹ̀rẹ̀ títí òórùn rẹ̀ á fi jáde bó ṣe yẹ. Èmi á ya fídíò, màá gba ọ́dà, màá dì í, màá gbé e lọ sí gáréèjì. Irú tí àwọn aládùúgbò nìkan ń rà tẹ́lẹ̀ wá ń dé Ìbàdàn, ó ń dé Èkó, ó ń dé Àbújá. Irú o! Ohun tí dírẹ́bà kì í fẹ́ gbé sínú ọkọ̀!

(Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta nǹkan olóòórùn, ẹ fetí sílẹ̀: inú náílọ́ọ̀nù méjì ni kẹ́ ẹ dì í sí, kẹ́ ẹ fi ẹ̀rọ lẹ ẹnu rẹ̀ pa, kẹ́ ẹ tó gbé e sínú ike. Ẹ má bá dírẹ́bà jà. Ẹ fún un ní díẹ̀ kó gbé lọ fún ìyàwó rẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti ṣe bẹ́ẹ̀, wọn ò dá ẹrù mi padà mọ́.)

Màmá ò gbà kí n ya ojú àwọn. Wọ́n ní irú làwọn ń tà, àwọn ò ta ojú. Ọwọ́ wọn nìkan lẹ máa ń rí nínú fídíò, pẹ̀lú omi àti apẹ̀rẹ̀, ẹ ó sì máa gbọ́ ohùn wọn. Gbogbo fídíò wa ló máa ń bẹ̀rẹ̀ báyìí: "Ẹ káàárọ̀ o, gbogbo ilé. Ìyá mi ní Ìfọ́n, mo kúnlẹ̀ o. Ṣé ẹ jí dáadáa?" Lẹ́yìn ìyẹn, Màmá á dákẹ́. Wọ́n á máa fọ irú wọn lọ, ẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan ju omi lọ. Ó di ìgbà tó bá ṣe díẹ̀ kí wọ́n tó sọ pé, "A dúpẹ́. Irú ti délẹ̀ o."

Ìyá tí wọ́n ń kí yẹn, ìyá tó bí Màmá lọ́mọ ni. Ìyá Ìfọ́n là ń pè wọ́n. Wọ́n ti dàgbà, ojú wọn ò ríran mọ́, ṣùgbọ́n etí wọn ń gbọ́ kedere. Àwọn ló kọ́ Màmá ní irú ṣíṣe kí Màmá tó relé ọkọ ní Ìlobù. Mọ́ríà, obìnrin kan tó ń gbé inú ilé kan náà pẹ̀lú wọn, ló máa ń ṣí fídíò náà fún wọn láràárọ̀. Ibi tí Màmá bá ti dákẹ́ yẹn ni Ìyá Ìfọ́n ti máa ń dá wọn lóhùn.

Mo fẹ́ gé ibi ìdákẹ́jẹ́ yẹn kúrò nígbà kan. Ní kíláàsì tí mo ṣe lórí wásáàpù, wọ́n kọ́ wa pé tí fídíò bá dákẹ́ pẹ́nrẹ́n, kọ́sítọ́mà á ti fọwọ́ yí i kọjá. Mo ṣàlàyé fún Màmá. Wọ́n wò mí bí ẹni tó sọ ìsọkúsọ. Wọ́n ní ṣé bí wọ́n ṣe ń kí ìyá ẹni nìyẹn, kéèyàn béèrè àlàáfíà kó má sì dúró gbọ́ èsì?

Mo fi í sílẹ̀. Ẹ sì wo iṣẹ́ Ọlọ́run, ìdákẹ́jẹ́ yẹn gan-an ló bá wa tajà! Ẹ̀yin kọ́sítọ́mà lẹ bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn nínú kọ́mẹ́ǹtì: "A jí dáadáa o." "Ìyá Ìfọ́n, ẹ káàárọ̀ mà." Àwọn tí kò jẹ irú rí pàápàá ń wá kí ìyá arúgbó. Inú Ìyá Ìfọ́n sì máa ń dùn sí i, ẹni tó bá ṣáà ti ń kọjá ni wọ́n máa ń bẹ̀ pé kó ka kọ́mẹ́ǹtì sí àwọn létí.

Báwo ni mo ṣe ń rí fídíò gbé síta láràárọ̀? Mi ò kì í yà á láràárọ̀. Tí oṣù bá ti ń parí, èmi àti Màmá á jókòó ti iṣẹ́ wọn, màá ya púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, màá sì ṣe sẹ́dúùlù wọn. Tó bá ti di àárọ̀, fóònù á gbé e síta fúnra rẹ̀. Mo máa ń gba ẹlòmíì níyànjú láti ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ ò ní máa sá káàkiri wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹ ó sì lè gbájú mọ́ ọ́dà.

Ohun tí mi ò rò nìyẹn o.

Lọ́jọ́ kan, Màmá kírun ọ̀sán tán, wọ́n ní orí ń fọ́ àwọn. Wọ́n ní káwọn fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀. Nígbà tí mo fi máa ti gáréèjì dé, ọ̀rọ̀ ti ń wọ́ lẹ́nu wọn. A gbé wọn dé ọsibítù l'Óṣogbo. Lọ́jọ́ kejì la gbé wọn padà sí Ìlobù, a sì ti sin wọ́n kí wọ́n tó pe ìrun Àlàásárì.

Mi ò sunkún. Àwọn èèyàn ń di ọwọ́ mi mú, wọ́n ń sọ pé kí n sunkún, pé ara máa ń fúyẹ́ téèyàn bá sunkún. Ara mi dà bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí wọ́n gún ní abẹ́rẹ́ eyín. Èèyàn mọ̀ pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ òun wà níbẹ̀, kò kàn mọ̀ ọ́n lára ni. Irúgbá tí Màmá gbé kaná kí orí tó máa fọ́ wọn ló wà lọ́kàn mi. Bá a ṣe ti ibi ìsìnkú dé, mo lọ ṣí ìkòkò. Mo da omi sí i, mo tún koná mọ́ ọn. Ẹnì kan wò mí, ó mi orí.

Ẹ̀gbọ́n Màmá, tá à ń pè ní Bàbá Òṣogbo, ló ṣe gbogbo ètò. Wọ́n wá pè wá jọ ní ìyẹ̀wù. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má tíì sọ fún Ìyá Ìfọ́n. Ẹ mọ àṣà wa. Ẹni ọmọ sin ló bímọ. Ta ló máa lọ bá arúgbó tí ojú rẹ̀ ò ríran pé ọmọ rẹ̀ ti ṣíwájú rẹ̀ lọ? Wọn kì í sọ irú ẹ̀ lórí fóònù, wọn kì í sì í sáré sọ ọ́. Wọ́n ní ká jẹ́ kí fídáù ọjọ́ kẹjọ kọjá, àwọn àgbà ilé á kóra jọ, wọ́n á rọra lọ tú ọ̀fọ̀ náà fún wọn. Títí dìgbà náà, tí Ìyá bá béèrè, ká ní Màmá ti lọ sí apá Ṣakí lọ ra irúgbá. Gbogbo wa ní a ti gbọ́.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ìsìnkú, fóònù mi dún. Mo gbé e. "Ẹ káàárọ̀ o, gbogbo ilé. Ìyá mi ní Ìfọ́n, mo kúnlẹ̀ o."

Sẹ́dúùlù! Ti àárọ̀ ọjọ́ ìsìnkú gan-an ti jáde, ọkàn wa kàn ni ò sí níbẹ̀ ni. Mo jókòó sórí ẹní, mo ń wo ọwọ́ Màmá nínú omi. Kọ́mẹ́ǹtì ti ń wọlé. Àwọn tó ti gbọ́ ń kọ ọ́ pé innà lilláì, pé ṣé ojú àwọn ni àbí kí ni. Àwọn tí kò gbọ́ ń kí Ìyá Ìfọ́n bí wọ́n ṣe máa ń kí wọn. Ẹnì kan láti Ìbàdàn ní òun fẹ́ irú wooro, ṣé ó wà nílẹ̀? Mo dá a lóhùn pé ó wà nílẹ̀ mà. Mi ò mọ ìdí tí mo fi dá a lóhùn. Ọwọ́ mi ló tẹ̀ ẹ́.

Mo fẹ́ yọ fídíò náà kúrò nígbà tí ìpè Bàbá Òṣogbo wọlé. Wọ́n ní Mọ́ríà ti pe àwọn. Ó ní Ìyá ti gbọ́ ìkíni, wọ́n ti dáhùn, ara wọn sì balẹ̀. Bàbá ní kí n má ṣe yọ nǹkan kan o. Tí ìkíni ò bá dún láàárọ̀ kan ṣoṣo báyìí, ìyá yẹn á mọ̀. Wọ́n ní kọ́mẹ́ǹtì àwọn tó ń bá wa kẹ́dùn nìkan ni kí n pa rẹ́, kí ọmọ kan má lọ kà á sí wọn létí.

Iṣẹ́ mi wá di ìyẹn. Láràárọ̀, màmá mi tó ti kú á kí gbogbo ayé, èmi á sì jókòó máa pa ìbánikẹ́dùn rẹ́. Mo ń bẹ àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ínbọ́ọ̀sì pé kí wọ́n bá mi pa ọ̀rọ̀ náà mọ́. Ó yé àwọn kan, àwọn kan bínú. Obìnrin kan tó ti ń rajà lọ́wọ́ wa tipẹ́ ní ṣé owó ló wá jọ mí lójú tó báyìí, tí mo fi ń fi òkú ìyá mi polówó? Mi ò bá a jà. Mo ní kó má bínú, mo sì lọ di ọ́dà tó wà nílẹ̀.

Ọ́dà ò dáwọ́ dúró o! Irú tí Màmá ṣe sílẹ̀ tán. Ó ku èyí tó wà lórí iná, èyí tí mo tún koná mọ́ lọ́jọ́ tá a sin wọ́n. Mi ò dá irú ṣe rí. Ẹ ṣáà rántí bá a ṣe pín iṣẹ́. Kí ni mo wá ṣe? Mo ṣí pèéjì wa, mo ń wo ọwọ́ wọn nínú fídíò bí àwọn kọ́sítọ́mà ṣe ń wò ó. Ọwọ́ wọn á bó èèpo, èmi náà á bó o. Ọwọ́ wọn á da omi, èmi náà á dà á. Mo fi ewé bò ó. Nígbà tí mo ṣí i, ó dúdú, ó ń rùn. Mo ní bóyá ó ti dáa nìyẹn.

Fídáù kọjá. Mo pe Bàbá Òṣogbo, wọ́n ní àgbà kan nínú wọn ò gbádùn, kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ dé, wọ́n ní kó di lẹ́yìn Jímọ̀. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Ìyá tó bí àwọn náà ni. Mọ́ríà sì ń pè mí, ó ní ẹ̀rù ń ba òun, pé òun ò lè máa fi ohùn òkú kí alààyè láràárọ̀. Ó ní tí Ìyá bá ti dáhùn báyìí, gbogbo irun ara òun á dìde.

Fídíò ń tán lọ. Nígbà tó ku ẹyọ kan, mo sọ fún Bàbá Òṣogbo. Wọ́n wá bi mí, ohùn wọn rẹlẹ̀, pé ṣé kò ṣe é ṣe kí n tún àwọn ti àtijọ́ gbé síta? Pé ṣebí ìkíni kan náà ni?

Ó ṣe é ṣe. Ohun tó bà mí lẹ́rù nìyẹn. Màmá ti kí ìyá wọn sínú fóònù mi tó èyí tó máa gbé arúgbó yẹn dé sàréè tirẹ̀, kò sì ní mọ̀ títí láé. Kò ní sunkún ọmọ rẹ̀. Mo ní Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, màá lọ sí Ìfọ́n lọ́la. Wọ́n ní kí n dúró de àwọn. Mo ní màá dúró dè wọ́n lọ́hùn-ún.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wọ kòròpé lọ sí Ìfọ́n. Mo mú irú dání, torí Mọ́ríà ti ní irú Ìyá ti tán, pé òun sì ti sọ fún wọn pé Màmá lọ sí Ṣakí. Màmá ló máa ń gbé e lọ fún wọn fúnra wọn. Ìyá wà lórí àga lẹ́nu ọ̀nà. Mo kúnlẹ̀. Wọ́n fọwọ́ pa mí lórí, wọ́n kì mí, wọ́n ní kí n dákẹ́ ná, pé ìyá mi fẹ́ kí àwọn.

Mọ́ríà ṣí fídíò. Ó ń wo ilẹ̀.

"Ìyá mi ní Ìfọ́n, mo kúnlẹ̀ o. Ṣé ẹ jí dáadáa?" Omi ń dún. Ìyá Ìfọ́n gbé orí sókè, wọ́n kọjú sí fóònù. Wọ́n ní, "Mo jí dáadáa, ọmọ mi. O ò ní bá àárẹ̀ jí. Ṣé o ti jẹun?" Gbogbo ọdún tí mo fi ń ya fídíò yẹn, mi ò gbọ́ ìdáhùn wọn rí. Ó bá ìdákẹ́jẹ́ yẹn mu gẹ́lẹ́. Bí wọ́n ṣe pa ẹnu dé ni Màmá ní, "A dúpẹ́."

Mo gbé irú fún wọn. Wọ́n tú u, wọ́n gbọ́ òórùn rẹ̀. Wọ́n mú ẹyọ kan sẹ́nu, wọ́n fi eyín tó kù fọ́ ọ. Wọ́n tún mú òmíràn.

Wọ́n ní, "Síkírá, ta ló se èyí?"

"Èmi ni mà."

"Ìyá rẹ ńkọ́?"

Ṣakí wà lẹ́nu mi. Ìyá ní Màmá ò jẹ́ kí ọwọ́ ẹlòmíì kan irú tàwọn rí láti ọjọ́ tó ti relé ọkọ. Wọ́n ní tó bá jẹ́ ìrìn àjò ló lọ lóòótọ́, ì bá ti gbé tàwọn pamọ́ kó tó lọ. Wọ́n fi irú náà sílẹ̀ lórí itan wọn.

"Ìgbà wo ni?" wọ́n ní.

Mo sọ fún wọn. Mo sọ bí orí ṣe fọ́ Màmá, bá a ṣe gbé wọn lọ, bá a ṣe sin wọ́n. Ohùn mi ò gbọ̀n, àfi bí ẹni ń ka ọ́dà. Wọ́n béèrè àwọn tó wẹ̀ ẹ́, bóyá wọ́n fọwọ́ jẹ́jẹ́ mú un. Mo ní wọ́n fọwọ́ jẹ́jẹ́ mú wọn. Wọ́n ṣí gèlè, wọ́n gbé e lé ẹsẹ̀.

Mọ́ríà bú sẹ́kún. Ó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí Ìyá má bínú, pé a ti jẹ́ kí wọ́n máa dá òkú lóhùn, èèwọ̀ ńlá.

Ìyá Ìfọ́n ní, "Ta ni òkú? Ọmọ mi ló kí mi, mo sì dá a lóhùn. Ẹ̀yin lẹ ò jẹ́ kí n sunkún rẹ̀."

Wọ́n wá sunkún. Mi ò ní ṣàpèjúwe ìyẹn níbí. Nígbà tí Bàbá Òṣogbo fi máa dé, ẹkún ti rọlẹ̀. Bàbá dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú erùpẹ̀. Kí n tó máa lọ, Ìyá pè mí padà. Wọ́n ní omi púpọ̀ ni mo fi fọ irú náà, pé mo sì tètè tú u. Wọ́n ní kí n máa bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀, kí n kó irúgbá dání, pé ojú àwọn ló lọ, ọwọ́ àwọn ò lọ.

Bó ṣe jẹ́ nìyẹn o. Mo mọ̀ pé ẹ ń retí ẹ̀kọ́, torí pèéjì oníṣòwò nìyí. Tó bá jẹ́ ẹnì kan ló mọ iṣẹ́ yín ṣe, ẹ lọ jókòó tì í lónìí, kẹ́ ẹ gbé fóònù sílẹ̀, kẹ́ ẹ ti ọwọ́ bọ omi. Fóònù lè tọ́jú ohùn, ó sì lè máa gba ọ́dà lọ fún yín. Kò lè se irú. Sẹ́dúùlù dáa, mo ṣì ń ṣe é, àmọ́ kẹ́ni méjì mọ bí wọ́n ṣe ń dá a dúró. Àwọn tó sì ra irú tí mo kọ́kọ́ ṣe, ẹ kọ̀wé sí mi, màá fún yín ní òmíràn.

Mi ò tíì sunkún. Àwọn ará ilé ní ó máa wá. Mo fi àwọn kọ́mẹ́ǹtì tuntun sílẹ̀, mi ò pa ìbánikẹ́dùn rẹ́ mọ́. Lọ́sẹ̀ yìí ni mo ya fídíò àkọ́kọ́ tó jẹ́ ohùn tèmi. Mo ní, "Ìyá mi ní Ìfọ́n, mo kúnlẹ̀ o. Ṣé ẹ jí dáadáa?" Mo wá dákẹ́, mò ń fọ irú. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn gùn ju bí mo ṣe rò lọ. Mi ò gé e. Mọ́ríà ló kọ́kọ́ kọ kọ́mẹ́ǹtì sábẹ́ rẹ̀: "Ìyá ní àwọn ò jí dáadáa, ṣùgbọ́n àwọn jí. Wọ́n ní ṣé o ti jẹun?"

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ṣé ẹnì kan wà tí òwò yín fi ọwọ́ rẹ̀ dúró? Ṣé ẹ ti fi ohùn ẹni tí kò sí mọ́ ta nǹkan rí, àbí ẹ ti pa ọ̀fọ̀ mọ́ fún ẹnì kan rí? Ẹ sọ tiyín sábẹ́ ibí. Mo ti dákẹ́, mò ń dúró gbọ́ èsì yín.